Káìtì Lábẹ́ Wáyà

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó gbọ́ pé àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni ìdánwò iṣẹ́ tí mò ń wá. Ohùn tí Ẹ̀gbọ́n Ṣíjúadé fi ránṣẹ́ ti wà lórí fóònù mi láti àná, àmọ́ dátà mi ti tán.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ṣógúnlé kó tó ríṣẹ́ sí etíkun, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àlejò ní káìtì. Kì í ṣe káìtì oníbébà tí ọmọdé fi ń ṣeré. Aṣọ ni, ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ó ní okùn gígùn àti igi ìdìmú méjì. Bí atẹ́gùn bá kún inú rẹ̀, ó lè wọ́ géńdé nílẹ̀. Wọ́n ń wá obìnrin kan tí yóò máa tẹ́ ẹ fún àwọn àlejò. Bí mo bá jókòó ti òkìrìkà ìyá mi ní Apákun, tí àwọn oníbàárà ń fa ṣòkòtò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òkun ni mò ń gbọ́.

Mo pè é.

"Wàsílátù, ibo lo wà láti àná? Wọ́n ti mú ẹlòmíì. Ọ̀gá ò tíì sọ fún un ṣá. Káìtì àlòkù tí mo fún ẹ, tẹ́ ẹ, gbé e sókè, mú u balẹ̀, kí wọ́n ká a sí fídíò. Kí n rí i kílẹ̀ tó ṣú. Má sì sún mọ́ wáyà iná o!"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ hàn mí, ní kọ́rídọ̀ ilé, níbi tí atẹ́gùn kì í dé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rájí, wá ibi tí a máa lò títí. Ní Ṣógúnlé, òrùlé gorí òrùlé. Ní Apákun, ọkọ̀ ò jẹ́ kéèyàn na ọwọ́. Pápá kan ní Òkè-Àfà ló kù. Wáyà iná ńlá gba ìpẹ̀kun rẹ̀ kọjá.

Mo ju koríko sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Ọ̀nà wáyà ló gbà lọ.

Síbẹ̀ mo tẹ́ káìtì náà, mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé etí rẹ̀ kó má baà dìde fúnra rẹ̀. Mo tú àwọn okùn, mo fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n lọ́ mọ́ra. Mo fi okùn ààbò sọ́rùn ọwọ́, èyí tí yóò sọ káìtì náà di aṣọ lásán bí mo bá jùwọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó òkun, ṣé o ti ṣe tán?" Bọ̀dá Rájí gbé fóònù sókè.

"Bọ̀dá, wáyà yẹn ńkọ́?"

"Wáyà wo? Ìgbà wo lo ríná gbẹ̀yìn ní àdúgbò yìí? Wáyà tí ò níná, okùn ìsáṣọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbà á gbọ́ torí mo fẹ́ gbà á gbọ́. Mo fa okùn díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ yọ̀, káìtì náà sì wú bí ẹranko tó ń jí.

"Up NEPA!"

Gbogbo ilé tó yí pápá ká hó. Orin bú jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀rọ ìlọta bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo jùwọ́ sílẹ̀. Káìtì náà rọ̀ sílẹ̀.

Bọ̀dá Rájí gbé fóònù wálẹ̀. "Wọ́n á mú iná lọ láìpẹ́," ó ní. "Ká dúró."

A dúró. Iná tí kì í dúró, ó dúró lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí orin ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lójijì.

"Ó ti lọ! Wàsí, fà á! Kíá!"

Mo gbójú sókè. Bí wáyà náà ṣe rí nígbà tó níná, bẹ́ẹ̀ náà ló rí báyìí. Kò sí ohun tó yàtọ̀ lára rẹ̀.

Mo bọ́ okùn ààbò lọ́wọ́, mo gba fóònù, mo pe etíkun.

"Fídíò dà?" Ẹ̀gbọ́n Ṣíjúadé bèèrè.

"Kò sí fídíò, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ríbi tí kò ní wáyà. Mi ò ní gbé e sókè. Ẹ sọ fún ọ̀gá kí wọ́n fiṣẹ́ náà fún ẹni tí wọ́n ti mú."