Olùṣọ́ Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Sẹ́fà

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lójú oorun lánàá.

Ẹ ṣáà mọ ẹ̀rọ dúdú tó ń kùn ní igun pálọ̀ mi, sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú nǹkan fún ẹni tó wà lókèèrè, tí ọkọ ọmọ mi gbé síbẹ̀ kó tó kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyàwó mi wà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ kó tó dolóògbé. Fadérẹ́rà, ọmọ wa, fẹ́ máa gbọ́ ọ láti òkèèrè. Kò wá sí ìsìnkú. Láti ìgbà náà, èmi àti òun kò tíì bára wa sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí mi. Bí iná bá lọ tó sì dé, sẹ́fà á tan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ lè jí lónìí kó má jí lọ́la. Bí kò bá ti jí, ọmọ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Mo ti fura sí wáyà. Mo ti fura sí eku. Mo ti fura sí aládùúgbò mi tó máa ń yọjú lójú fèrèsé láìkí ènìyàn.

Nínú àlá náà, ọ̀sán gangan ni. Wáyà ẹ̀yìn sẹ́fà gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá Fadérẹ́rà, ẹ yé fura sí mi. Ẹ̀ ń fà mí yọ, ẹ̀ ń kì mí bọ̀ ọ́, gbogbo ara ti ń ro mí."

Mo ní, "Olè kì í pe ara rẹ̀ lólè."

"Ẹ tẹ̀ lé mi nígbà náà."

Mo dì í mú, a sì gòkè. Ọ́fíìsì kan ló wà lókè, ó léfòó lórí oko ẹ̀gẹ́ bí ewé lójú omi. Ẹ̀gẹ́ ń sunkún pé òjìji ọ́fíìsì kò jẹ́ kí òun rí oòrùn. Mo kí i kú ìrọ́jú, mo wọlé.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láńlẹ́hìn jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gbénró lápá òsì. Àwọn méjèèjì de táì, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọn kò wo ara wọn. Níwájú wọn ni obìnrin ìránṣẹ́ kan dúró sí, ó gbé igbá onídèérí. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín nínú igbá náà.

Mo nawọ́ sí i. Obìnrin náà yẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ti ọmọ ni. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Lóòótọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa ikun imú lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tí ẹ kò ṣí i?" mo bi àwọn ọkùnrin náà.

Láńlẹ́hìn ní, "Àwa méjèèjì ni wọ́n fi ilẹ̀kùn yìí lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni yìí kò tíì kí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ yìí."

Gbénró fi í rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bí mi kí ìyá ẹ tó lọ sílé ọkọ. Kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ àná?"

"Ọ̀gá ni mí níbí!"

"Ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò nílé. Kí mi, jàre."

Mo bi ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ pé ọjọ́ wo ló máa ń ṣí. Ilẹ̀kùn yán. "Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ dé, Bàbá. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé kò ní rí ẹni tó máa retí ìkíni lẹ́nu rẹ̀, á kúkú ṣí mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá jọ dé, ó parí."

Obìnrin ìránṣẹ́ ní, "Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń kan ilẹ̀kùn. Tí kò bá ṣí, mo máa ń gbé ohùn ìyá padà lọ sílé, mo máa ń lọ sùn."

Àlàyé wọn bára mu jù. Mo fura pé ẹnì kan ló kọ́ wọn. Mo yí padà láti wo ojú àwọn ọkùnrin náà dáadáa, wọ́n ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Irùngbọ̀n wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn látìgbà tí mo ti wọlé.

"Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ lọ sílé," mo sọ fún wọn.

Àwọn òbúkọ wo ara wọn, wọ́n wá kọjú sí mi. Láńlẹ́hìn ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ta lẹ̀ ń dúró dè kó kọ́kọ́ kí yín?"

Èmi kì í bá òbúkọ jiyàn.

Iná dé, mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo jókòó ti sẹ́fà, mo yẹ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ wò. Ètò kọ̀ǹpútà méjì ni mo bá tí wọ́n jọ di wáyà kan mú: èyí tí ọkọ ọmọ mi fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti èyí tó bá àtúnṣe tuntun wọlé. Mo dá ọ̀kan dúró. Mo ní kí ètò tó ń gbé ohùn jáde má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi jí. Mo pa sẹ́fà, mo tàn án. Nẹ́tíwọ̀kì jí. N kò gbà á gbọ́, mo tún pa á, mo tún tàn án. Ó tún jí.

Mo pe Fadérẹ́rà lórí fóònù. Ó gbé e. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Òun ni ọmọ, òun ló yẹ kó kí mi. Omi tí mo gbé kaná ń hó nílé ìdáná.

"Fadérẹ́rà," mo ní, "ṣé dáadáa lo jí?"