Aago Numa àti Àwọn Mọ́kànlá

Aurèle Perrenoud kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá ti ní aago kan dára, ẹnikẹ́ni kì í tún jiyàn mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé gbàǹjo kan ní Geneva. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ aago olówó iyebíye wò, kí ó sì sọ ohun tí ó jẹ́ àti ẹni tí ó yẹ. Àwọn tí ń kó aago jọ a máa pè é láti ọ̀nà jíjìn, wọn a ní, "Aurèle, mo rí ọ̀kan o. Ṣé á bá àwọn tí mo ní mu?" Aurèle a béèrè ìbéèrè méjì mẹ́ta, a sì dá wọn lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò mọ "bóyá" í sọ.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun àti Mariette ìyàwó rẹ̀ padà sí Le Locle tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ìlú orí òkè tí ó jẹ́ pé bí o bá tọpasẹ̀ ìdílé ẹni tí ń ta búrẹ́dì pàápàá, wàá bá aláago níbẹ̀.

Ó ní àpótí onígi kan tí ó ní ihò méjìlá nínú. Aago mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ orí òkè yẹn ló ṣe gbogbo wọn láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Aurèle sì mọ ilé oníkálukú wọn. Aago ńláńlá ni wọ́n, irin ni púpọ̀ nínú wọn, òmíràn dúdú bí èédú, òmíràn sì ṣí àyà sílẹ̀ tí ènìyàn fi ń rí bí inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ihò kejìlá ṣófo. Ó ní òun kò tíì rí èyí tí ó tọ́ sí i.

Ogún ọdún sẹ́yìn ni bàbá Mariette kú. Numa Matthey ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aago kan tí ó ti kógbá wọlé tipẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Lọ́dún 1961, nígbà tí ó pé ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún un ní aago wúrà kan tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ parí iṣẹ́ inú rẹ̀. Irú aago tí àwọn ènìyàn ńlá ń wọ̀ nígbà náà ni. Ó fẹ́lẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju owó ẹyọ fúráǹkì márùn-ún lọ. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Mariette gbé aago náà fún ọkọ rẹ̀.

"Aurèle, fi èyí sí ihò kejìlá."

Aurèle gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Kò bá wọn mu."

"Kí ló dé?"

"Ó kéré jù. Wúrà láàárín irin. Ayé àtijọ́ lèyí, ti òde òní làwọn yìí. Tí mo bá kó wọn sójú kan, ńṣe ni wọ́n á máa bu ara wọn kù. Mi ò ní kò dáa o, Mariette. Mo kàn ní àyè rẹ̀ kọ́ nìyí."

"Ó ti tó," ni Mariette wí. Ó fi áńkáṣíìfù bàbá rẹ̀ wé aago náà, ó sì tì í sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Wọn kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Aurèle kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè iṣẹ́ ni, tí ó sì dáhùn bí oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sí Mariette lọ́kàn bí egungun ẹja tí kò lọ tí kò bọ̀.

Àrùn ìgbàgbé náà yọ́ wọlé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó kan orúkọ àwọn aládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, Aurèle lọ ra búrẹ́dì, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọlọ́pàá ló mú un wálé, búrẹ́dì náà wà ní abíyá rẹ̀. Dókítà tí ó wà ní Neuchâtel sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn, Aurèle sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Mariette lọ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Aurèle ti wọ kóòtù, ó ti de táì, ó ti ki awò iṣẹ́ bọ ojú kan. Aago Numa wà níwájú rẹ̀ lórí áńkáṣíìfù. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wá dé inú dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Màdáámù. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé aago yìí wá?"

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti fẹ́ra wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé níbi ijó ìparí ìkórè, "o" ni Aurèle máa ń bá a sọ. Kò pe "ẹ" sí i rí. Mariette dúró, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yìnyín ara bàtà rẹ̀ ń yọ́ sórí pákó ilẹ̀. Ó fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ di orí ọkùnrin náà mú kí ó mì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, ohun tí ó jáde ni, "Èmi ni."

"Ó dára púpọ̀. Ta ló ni ín?"

"Bàbá mi."

"Ẹ sọ nípa wọn fún mi." Ó fa ìwé síwájú, ó ṣí ìdérí bírò. "Ẹ má kánjú."

Mariette bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Bàbá òun jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ló ń wọ aago sí. Ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ òkú nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Tí ó bá fẹ́ fọ abọ́, a bọ́ ọ, a fi kọ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó máa ń bá àwọn aládùúgbò tún aago ògiri ṣe, wàràkàṣì ni wọ́n fi ń san án, ilé wọn kì í sì í ṣaláìrùn wàràkàṣì. Ohùn rẹ̀ kò dára rárá, síbẹ̀ iwájú ló ń dúró sí nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ kò sì lè lé e. Nígbà tí Mariette wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ a gbé aago náà sí i létí, a ní, "Gbọ́ ìró ìṣísẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ṣé ó ń tiro?"

"Ṣé ó ń tiro?" Aurèle tún un sọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá oníṣẹ́ ni wọ́n, Màdáámù. Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ọ̀gá ń béèrè."

Gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tí ó rẹwà.

Mariette béèrè pé, "Ṣé á bá àkójọ òde òní mu?"

"Ìbéèrè ńlá lẹ béèrè yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹ padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, kò rántí nǹkan kan. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lù, ó de táì, ó gbé aago síwájú, ó ń retí oníbàárà. Mariette sì ń wá. Nígbà tí ó ṣe, Mariette a wọ kóòtù òde rẹ̀, a gbé báàgì, a gba ẹ̀yìnkùlé jáde, a wá tẹ agogo ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń béèrè, "Ta ló ni ín?" Lójoojúmọ́ ni Mariette ń sọ nípa Numa, tí ó ń rántí ohun tí kò sọ lánàá. Aurèle a dá aago náà láre lọ́jọ́ kan, a dá a lẹ́bi lọ́jọ́ kejì, ìdí tí ó sì ń sọ máa ń bọ́gbọ́n mu nígbà gbogbo.

Clémence ọmọ wọn, tí ń gbé ní Lausanne, gbọ́ ọ lórí fóònù, ara bù ú máṣọ. "Màmá, ẹ̀ ń bá wọn ṣe eré! Ẹ ń tẹ agogo ilé yín? Kí làwọn aládùúgbò á máa wí?"

"Kí wọ́n máa wí. Bàbá rẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, Clémence."

"Pàápá ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni!"

"Mo mọ̀ pé kò mọ̀." Mariette fi fóònù sílẹ̀, ó lọ bó ọ̀dùnkún tí wọn yóò jẹ lálẹ́, ó bó o ju iye tí ẹni méjì lè jẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹrin, Aurèle wo aago náà pẹ́ títí. Ó dìde, ó ṣí àpótí onígi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ihò kejìlá. "Màdáámù, ó bá wọn mu. Àwọn mọ́kànlá yìí dáa, àmọ́ ńṣe ni wọ́n dà bí ọmọ tí kò rí bàbá ẹ̀ rí. Ẹ wò ó. Èyí ni bàbá wọn." Mariette ní kí ó jọ̀ọ́, òun ń bọ̀. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí ó má baà gbọ́, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ariwo ló jí i lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aurèle ti ṣí àpótí, ó ti bá aago àjèjì nínú rẹ̀.

"Olè! Ta ló fọwọ́ kan àpótí mi? Ta ló ju èyí síbí?"

"Aurèle, ìwọ lo—"

"Ta ni ẹ́? Kí lo wá ṣe nílé mi?"

Ó di ọrùn ọwọ́ Mariette mú, ó fún un. Ọkùnrin tí kò gbá ènìyàn létí rí ni o. Mariette ń fa ọwọ́ rẹ̀, aago Numa já bọ́ sílẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ sì fọ́. Ìgbà tí Aurèle rí i tí ó fọ́ ni ó jọ̀wọ́ ọwọ́ obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Aago oníbàárà ni. Ha! Kí ni mo fẹ́ sọ fún oníbàárà?"

Clémence rí àpá dúdú tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn jókòó, ó di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Màmá, ó tó." Mariette kò jà.

Ní oṣù karùn-ún, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó rí àyè fún un. Wọ́n ní ó lè mú aago kan ṣoṣo dání, nítorí nǹkan máa ń sọnù níbẹ̀. Clémence ṣí àpótí síwájú bàbá rẹ̀, ó to ti Numa tí wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. "Pàápá, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Aurèle yẹ̀ wọ́n wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mi orí. "Ti àwọn oníbàárà ni gbogbo wọn. Èmi ò ní aago." Ó pa àpótí dé, ó rọra gbá a lórí bí ẹni tí ó parí iṣẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni Mariette ń lọ kí i. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń mú aago náà lọ, ó ń retí ìbéèrè. Aurèle a gbé e sí etí, a dá a padà fún un. Nígbà tí ó ṣe, kò na ọwọ́ gbà á mọ́. Graça, nọ́ọ̀sì ará Pọtogí tí ń tọ́jú rẹ̀, sọ fún Mariette pé kí ó máa kọrin sí i létí, pé orin máa ń pẹ́ kó tó kúrò lọ́kàn ẹni. Mariette kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ máa ń bà jẹ́. Aurèle sùn lọ.

Ìparí oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń da màlúù bọ̀ láti orí òkè pẹ̀lú òdòdó lórí wọn bí àṣà ibẹ̀, ni Aurèle kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Clémence gbé àpótí onígi sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ wú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ti bàbá yín síbẹ̀ báyìí. Ta ló máa sọ pé rárá?"

Mariette wo àwọn mọ́kànlá náà. Ó wo aago wúrà kékeré tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. 

"Èmi ni. Kò bá wọn mu."

"Màmá! Nǹkan tó ti ń dùn yín láti ogún ọdún!"

"Bàbá rẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀. Wò wọ́n. Ó kéré sí wọn, àwọn náà ò sì mọ̀ ọ́n. Àpótí kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé kò bi mí pé ta ló ni ín kó tó sọ pé rárá." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ó padà bi mí. Ó bi mí dáadáa, Clémence, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ obìnrin kan tó wọlé láti òde ló bi. Kì í ṣe èmi."

 Clémence fà mọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí omi ọbẹ̀ fi gbẹ lórí iná.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n kó àwọn mọ́kànlá náà lọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ aago. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀ rere nípa Aurèle, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pín wáìnì funfun àti búrẹ́dì aládùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí àpótí ká, wọ́n ń na ìka, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. Mariette dúró lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ife rẹ̀, aago Numa wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti fa apá kóòtù sókè díẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ bí wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohunkóhun nípa aago náà.