Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Ò Lè Sọ fún Kóòṣì Adéagbo

"Alfa, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ o," Kúlúsúmù wí bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Kóòṣì Adéagbo ní Tunga Low Cost, ní Minna. "Èmi kàn tẹ̀ lé yín ni."

"Ìwọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa," Alfa Àbdùlgàfárù, igbákejì alága, dá a lóhùn. "Àbí kì í ṣe ọwọ́ tìẹ náà ni mo rí lókè?"

Kúlúsúmù kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè lóòótọ́. Ní ìpàdé àná, nígbà tí alága ní kí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n yọ kóòṣì nípò nawọ́, ó kọ́kọ́ wo ojú àwọn àgbà, ó rí i pé wọ́n ti nawọ́, ló bá na tirẹ̀. Àwọn kan ti kọ́kọ́ gbèjà ọkùnrin náà. Wọ́n ní ta ló kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ nígbà tí wọn ò ní bàtà lẹ́sẹ̀? Alága ní òun ò jiyàn, ṣùgbọ́n ìmoore kì í gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Wọ́n ti bá kóòṣì mìíràn sọ̀rọ̀ ní Bídà, Yahya lorúkọ rẹ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá sí pápá. Ó ku kí wọ́n sọ fún Adéagbo kó tó di ọ̀la.

Ẹ̀yìn ìrun alàásárì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá, nítorí oṣù ààwẹ̀ ni. Alfa ló dá ọgbọ́n náà: kò sẹ́ni tó máa gbé oúnjẹ fún aláàwẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á máa lọ. "Téèyàn bá ti jẹun ẹni," ló wí, "ẹnu rẹ̀ a wúwo."

"Sànnú, sànnú," Kóòṣì kí wọn wọlé. Kirisitẹni ni, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá sí Minna. Kúlúsúmù kúnlẹ̀. "Ọmọ mi, ààwẹ̀ ń lọ? Ojú ẹ ti gbẹ. Alfa ni ò gbààwẹ̀, ikùn wọn ṣì wà níbẹ̀ gbágbá."

Alfa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná, wọ́n bọ́ sórí ooru. Nígbàkígbà tí Alfa bá wúkọ́ láti bẹ̀rẹ̀, Kóòṣì á ti mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ní òun ti rí ìdí tí wọ́n fi ń na ẹgbẹ́ àwọn. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ̀rù ló ń bà á, òun máa gbé e síwájú.

"Ẹ fún mi láyè di ìgbà tí ẹ bá túnu ààwẹ̀," ló wí. "Ẹ ó rí i."

Kúlúsúmù wo Alfa. Alfa ń wo ilẹ̀.

Ni wọ́n bá pe ìrun mọ̀ǹgàrìbì. Kóòṣì dìde, ó gbé dàbínù wá nínú àwo, ó gbé kúnú tútù àti àkàrà gbígbóná tẹ̀ lé e. Àṣé ó ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó bu omi sínú bútà fún àlùwàlá wọn, ó sì tẹ́ ẹní.

"Ẹ ṣínu. Ẹ ò lè fi ẹnu gbígbẹ kúrò nílé mi."

Wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun, Alfa ṣe àdúrà gígùn fún ilé náà, Kóòṣì ń ṣe àmín, wọ́n sì jáde.

Lójú títì ni alága ti pe Alfa lórí fóònù. "Ṣé ẹ rí i?"

"A rí i."

"Báwo ló ṣe gbà á?"

Alfa wo Kúlúsúmù. "Ó gbà wá dáadáa. A tiẹ̀ jọ ṣàdúrà."

Kúlúsúmù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń rìn lọ. Alfa ní òun máa padà lọ sọ ọ́ láàárọ̀. Kò lọ. Kúlúsúmù náà ò bi í.

Nígbà tí Kúlúsúmù dé pápá lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì Adéagbo ti kó àwọn ọmọ sórí ìlà, ọmọ ẹ̀yìn òsì yẹn ti wà níwájú. Mọ́tò alága dúró, Yahya sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ìdárayá tuntun. Adéagbo rò pé àlejò tó wá wòran ni. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fa àga tó máa ń gbé wá láti ilé fún un.

"Jókòó, ọmọ mi. Wá wo àwọn ọmọ wa."

Yahya jókòó, ó ń wo alága. Alága ń wo Alfa. Alfa ń tẹ fóònù.

"Kóòṣì," alága wí, "a rò pé..."

Kúlúsúmù wọ inú pápá. Ìtìjú ò jẹ́ kó rí ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Bàbá, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa sí yín lánàá, a ò lè jẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ ti gba kóòṣì mìíràn. Àwọn nìyí." Ó fi ọwọ́ júwe Yahya. "Èmi náà nawọ́ sí i."

Ọkùnrin náà wo Yahya lórí àga.

"Lánàá," ló wí jẹ́ẹ́, "tí mo ń ṣàlàyé ọmọ ẹ̀yìn yẹn fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ sì jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ tán."

Kúlúsúmù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Àwọn ọmọ ń wò ẹ́."

Yahya ti fò dìde lórí àga. Adéagbo fi ọmọ ẹ̀yìn òsì náà hàn án, ó ní kó má máa pariwo mọ́ ọn, ó sì kọrí sọ́nà ilé. Alága pe Kúlúsúmù kó wá fi àwọn ọmọ mọ kóòṣì tuntun. Kúlúsúmù ò yíjú padà. Ó gbé àga náà, ó tẹ̀ lé Adéagbo.

Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ti jókòó síta, wọ́n ń dúró de àkókò ìṣínu. Wọ́n ń kí i, Kúlúsúmù ló ń dáhùn.

"Kóòṣì, ẹ tètè ṣíwọ́ lónìí o," ẹnì kan wí.

Adéagbo wo ilẹ̀.

"Àwa la ní kí wọ́n ṣíwọ́," Kúlúsúmù wí. Ó gbé àga náà bọ́ sí èjìká kejì, ó sì ń tẹ̀ lé e lọ.