Ẹ Yọ Orúkọ Ọmọ Mi Kúrò

Ní àdúgbò wọn ní Baṣọ̀run, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá dín, ilé Bàbá Fẹ́yìsetán ló ń gbà lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣe akọ̀wé ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, kò sì sí ohun tí wọ́n lè kọ sínú ìwé owó oṣù tí kò lè túmọ̀. Tíṣà á mú tirẹ̀ wá, nọ́ọ̀sì á mú tirẹ̀ wá. Bàbá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fa báírò pupa yọ lápò, á máa fi yí gbogbo iye tí wọ́n yọ po lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa mi orí bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ṣáà ti sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ìwé owó bíi tirẹ̀, ìyẹn á yó o ju iyán lọ.

Inú ló ń bí i, ká má sì purọ́ mọ́ ọn, ó nídìí. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, wọ́n ń yọ owó kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀: owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó ilé, owó ìwòsàn. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní káàdì ìwòsàn kan, aláwọ̀ ewé, tí fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kíndìnrín Ọláṣùmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú káàdì náà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí wíńdò wo káàdì, ó wo ìwé, ó ní orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wà. Ọláṣùmbọ̀ kú lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́, olè ni lójú Bàbá Fẹ́yìsetán, ì báà ṣe áńgẹ́lì.

Ìrẹ̀mídé nìkan ni ọmọ tó bí, Fẹ́yìsetán jẹ́ orúkọ ìdílé wọn. Ó kàwé gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ọdún mẹ́ta wáṣẹ́ láti Bódìjà dé Challenge, nígbà tí kò rí, ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Táílàǹdì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Nígbà tó gba ìwé owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, tayọ̀tayọ̀ ló fi ya fọ́tò rẹ̀ tó sì fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí Wásáàpù. Ì bá mọ̀ ni, ọ̀tá ni ì bá kúkú fi í ránṣẹ́ sí.

Bàbá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó, lọ́dọ̀ Ràfátù tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Báírò pupa jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà yọ owó ọmọ rẹ̀. Ìrẹ̀mídé pè é, ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní èkíní ni owó orí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń san án. Ó ní èkejì ni owó ìwé àṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́, ilé-ìwé ló bá òun san án tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́ta ló máa tán. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta báàtì, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà tiwa. Ìyẹn ni ti ìwòsàn. Iye tí wọ́n yọ lọ́wọ́ òun ni ilé-ìwé náà ń san lé e, bí àìsàn tàbí jàǹbá bá sì dé, ilé ìwòsàn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun.

"Ṣé wọ́n fún ọ ní káàdì?" Bàbá bi í.

"Wọ́n fún mi, Dádì."

"Wọ́n fún èmi náà."

Ìrẹ̀mídé mọ káàdì náà dáadáa, inú Bíbélì ìyá rẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ náà. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibí. Bàbá ní olè kò ní orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ọmọ bá pe ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni, títí Bàbá fi sọ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ wà lára owó bẹ́ẹ̀, pé bó bá ń jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, ó ti gbàgbé ìyá rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà o, òun gan-an ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí ọmọ lọ́rùn.

Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ràfátù ló tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Sẹkitéríàtì ni, èyí tó le koko tó ń dún bí ìbọn, wọ́n fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò nínú ìwé ìwòsàn yín láìfi àkókò ṣòfò. Ó sọ fún Ìrẹ̀mídé pé bí kò bá dúró ti lẹ́tà náà, kó má pe òun ní bàbá lórí fóònù kankan mọ́.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà ka lẹ́tà tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló dé tí kò fi ní rẹ́rìn-ín? Owó tí òun náà ń san lórí Ìrẹ̀mídé lóṣooṣù, baba arúgbó kan ti Ìbàdàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má san án mọ́. Ó sọ Ìrẹ̀mídé di tíṣà tí wọ́n ń sanwó wákàtí fún, irú èyí tí kì í sí nínú ìwé ìwòsàn, ó fún un ní ìwé kan kó fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun ló béèrè fún un, ó sì fi píìnì so lẹ́tà Bàbá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrẹ̀mídé fọwọ́ sí i.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó náà wọlé pé pérépéré. Ẹ ò rí Bàbá Fẹ́yìsetán lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn! Ó wọ sùtánà funfun, ó lọ dúró níwájú gbogbo ìjọ Aládùúrà tó ti jẹ́ alàgbà, ó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe fi báírò òun ṣẹ́gun àwọn olè òkè òkun. Ìjọ kígbe halelúyà. Ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Owó tó gbà padà, tí Ìrẹ̀mídé ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, Surajudeen wẹ́dà ló ń kó o fún, ó fi ṣe géètì onírin dúdú kan tí òdòdó aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀. Géètì náà tóbi ju ilé lọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀ dáadáa kó tó lè tì í.

Oṣù kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ọ̀kadà tó ń gbé Ìrẹ̀mídé lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí méjì lábẹ́ orúnkún, egungun yọ síta. Prosper, ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà níbẹ̀, ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀, òun náà ló pe Bàbá. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà káàdì Ìrẹ̀mídé sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn.

"Daddy, dem say na she remove herself," Prosper sọ fún un.

Wọ́n fọ ojú egbò, wọ́n dì í, wọ́n ní kí wọ́n lọ wá owó iṣẹ́ abẹ wá. Bàbá sáré dé báńkì ní Dùgbẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi dúró. Ó sáré dé Ring Road lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù ìyẹn kú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó bẹ Surajudeen pé kó wá tú géètì, kó dá owó padà. Surajudeen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹnu ọ̀nà Bàbá nìkan ni òun wọ̀n ọ́n sí, ta ni òun fẹ́ tà á fún. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, owó kò tíì dé ìdajì. Ọjọ́ kẹwàá, ẹsẹ̀ ti ń rùn. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ló dáwó fi san ti ilé ìwòsàn àti ti ọkọ̀ òfurufú. Prosper lọ pariwo mọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní òun máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú lẹ́tà Bàbá jáde, ó gbé e sórí tábìlì.

Ọ̀sán gangan ni Ìrẹ̀mídé dé Baṣọ̀run, tòun ti ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Ó gbìyànjú láti ti géètì, kò lè tì í. Ó fi ọ̀pá lù ú títí Bàbá fi wá ṣí i. Ọmọ wo géètì náà láti òkè délẹ̀, kò béèrè iye tí wọ́n ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí yóò dùn ún jù kò tíì dé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ìjọ wá kí i, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣépè fún àwọn ará Táílàǹdì tó kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀ nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Alàgbà ló sọ ọ́ fún wọn níwájú pẹpẹ, wọ́n tilẹ̀ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ìrẹ̀mídé wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ìrẹ̀mídé wí.

Ó bá a gbé irọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ni, kò sì ní ohun mìíràn tó lè fún un mọ́. Bàbá yọ férémù kúrò lára ògiri, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn á ní wọ́n ń ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gbémisọ́lá wọlé. Tíṣà ni, ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Ìwé owó oṣù rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Ilé-ìwé aládàáni tó ń bá ṣiṣẹ́ ti ń yọ owó ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ fi owó náà ra ẹrù ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ bá òun kọ irú lẹ́tà tí wọ́n kọ nítorí Ìrẹ̀mídé, èyí tí wọ́n fi jẹ́rìí.

Ìrẹ̀mídé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bàbá rí i pé ó dúró. Ó mọ ohun tó yẹ kó wí, kò tiẹ̀ gùn: ọmọ mi, má yọ ọ́, èyí tí mo yọ ni mo fi pa ọmọ tèmi lára. Bó bá sọ ọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìjọ á ti mọ̀ pé èké ni alàgbà wọn, kò sì ní sí ẹni tó máa mú ìwé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn mọ́. Ó wo Ìrẹ̀mídé. Ìrẹ̀mídé ń dúró dè é.

"Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bíi tiyín, sà," Gbémisọ́lá wí.

Bàbá Fẹ́yìsetán fa báírò pupa yọ lápò.

Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ láti orí déètì dé ìsàlẹ̀, kò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìrẹ̀mídé jẹ́ kó parí. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó kó ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó wá dúró níwájú Gbémisọ́lá, ó sì gbé ìró sókè títí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ parí sí.

"Wọn ò kọ̀ mí nítorí àwọ̀ mi," ó wí. "Orúkọ mi ni wọn ò rí níbẹ̀. Dádì ló kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́. Lẹ́tà tó o ní kí wọ́n kọ irú rẹ̀ fún ọ nìyẹn. Bi wọ́n."

Gbémisọ́lá wo Bàbá. Bàbá ń fi ìdérí dé báírò rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ kan lé ikùn rẹ̀, ó fi èkejì rọra fa ìwé owó oṣù rẹ̀ kúrò lórí itan Bàbá, ó fi lẹ́tà sílẹ̀ níbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ pa géètì dé, kò lè ṣe é, ló bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu.

Àwọn tó ń kọjá lójú títì ń bojú wò wọ́n, bàbá lórí àga tòun ti báírò, ọmọ lórí ọ̀pá méjì.

"Dádì," Ìrẹ̀mídé wí, "ẹ lọ ti géètì yín. Èmi ò lè tì í."

Bàbá dìde, ó lọ tì í.