Bàálù Tí Táyélolú Kò Tò Parí

Yìnyín ń bọ́ nínú yàrá ìyá wọn ní Ìgbàjọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí irú rẹ̀ rí, kò sì tutù. Ó ń bọ́ sórí ẹní, sórí ìkòkò omi, ó ń yọ́ jẹ́ẹ́ bí iyọ̀. Ọmọ́kẹ́hìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Táyélolú, ìkejì rẹ̀, ló jókòó sórí ẹní, nínú aṣọ ológun òfurufú tó wọ̀ lọ lọ́jọ́ tí bàálù rẹ̀ já. Kò darúgbó rárá. Èyí gan-an ló kọ́kọ́ bí Ọmọ́kẹ́hìndé nínú.

Bàálù ogun kékeré oníke ni Táyé ń tò. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti ìlú tó ti kọ́ṣẹ́, ikú ni kò jẹ́ kó tò ó tán. Ó ń fi abẹ gé apá àti ìrù kúrò lára férémù tí wọ́n so mọ́, ó ń ha etí wọn kó dán, ó ń kán gọ́ọ̀mù sí i, bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó kan ìbòrí tó ń bo ibi tí awakọ̀ bàálù ń jókòó, ike tó yẹ kó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó gbé e sókè wò.

“Ẹ̀gbọ́n, gọ́ọ̀mù tó ń jẹ ike lo fi lẹ èyí. Wò ó, ó ti funfun bí ojú ẹja tí a sè.”

Lọ́dún tí Táyé kú ni Ọmọ́kẹ́hìndé fi ìbínú lẹ̀ ẹ́, tó rí i pé kò mọ́ gaara mọ́, tó sì jù ú padà sínú páálí. Láti ìgbà náà ló ti ń múra ìjà. Ní ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ti kọ oògùn àyà rẹ̀, ó ń sọ fún Ìbídùn ọmọ rẹ̀ pé Kẹ́hìndé kì í pẹ́ lẹ́yìn Táyé báyìí, òun ń lọ bá a, kí ojú ó kojú.

Ojú wá kojú. Ó da ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ tó ní kí Táyé dúró, kó má fò, ìyá tí kò tún rẹ́rìn-ín títí tó fi kú.

“Nígbà tí à ń bọ̀ wá sáyé, èmi ni mo rán ọ kí o lọ tọ́ ayé wò. O dé, o ké, mo tẹ̀ lé ọ. Èyí tí o lọ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ta ló rán ọ?”

Táyé gé awakọ̀ oníke kékeré tó yẹ kó jókòó sínú bàálù náà kúrò lára férémù, ṣùgbọ́n kò fi í sórí ìjókòó. Ó dé ìbòrí náà lórí òfo, ó fi awakọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ìkejì rẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé.

“Ṣé o gbọ́ igbe mi lẹ́ẹ̀kejì?”

“Rárá.”

“Ṣé o rí i. Jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí o wà.”

Ọmọ́kẹ́hìndé jí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dì. Ó tú u: òfo. Yìnyín ń bọ́ lóde fèrèsé, yìnyín tòótọ́ ti ìlú àjèjì tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ìbídùn ti dúró tòun ti omi àti oògùn, ó ń retí èébú àárọ̀. Dípò èébú, bàbá ní kó fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìbòrí ṣì funfun. Awakọ̀ ṣì wà lára férémù, abẹ kò kàn án. Ó tẹjú mọ́ ọn títí. Táyé kì í dé ibi tó dára kó má ké pe òun. Ó ti tọ́ ọ̀hún wò, ó sì panu mọ́.

Ó gba oògùn, ó gbé e mì bí ẹni gbé ìwọ̀sí mì.

“Bàbá, ta ló bá yín sọ̀rọ̀?”

“Olórí kunkun kan. Ẹni tí wọ́n ní kó dúró tí kò dúró, òun ló wá ń sọ pé kí n dúró.” Ó mu omi lé e. “Màá dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀hún, ó máa gbọ́ tẹnu mi.”