Ohun Tó Hàn Nínú Fèrèsé Fáàrí

Fáàrí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì rí i bí ẹ̀gàn. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, àmọ́ bó bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan péré, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ súre fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a wá iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Olóòtú ni ẹ̀gbọ́n náà nílé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé jáde, òun náà ló sì tọ́ Fáàrí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Olóòtú àgbà, ìyá arúgbó tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, fẹ́ fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ẹ̀gbọ́n yìí. Ló bá fi àga náà dúró fún àbúrò rẹ̀. "Màmá, ẹ gbà á síṣẹ́. Bó bá dójú tì yín, ẹ má fi mí jẹ olóòtú àgbà mọ́."

Kí ni àwọn olóòtú náà tiẹ̀ fẹ́? Wọ́n fẹ́ ṣí ìwé mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ìwé kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní fèrèsé, kí wọ́n fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì kà wọ́n. Ó tán. Àmọ́ Fáàrí ò lè ṣe nǹkan kékeré. Ẹ wá wo fèrèsé! Èyí lẹ̀ mọ́ apá òsì, èyí lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún, èyí ń léfòó láàárín. Ọjọ́ tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, àwọ̀ etí fèrèsé ló fi ń yàn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ńkọ́? Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mélòó kan síbẹ̀ láti fi dí ojú ihò, ó ní òun á so ó mọ́ ìwé gidi tó bá yá.

"Ṣé o ti fi ìwé wa dán an wò?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Àbí ẹ ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Ohun kan wà tí kò sọ fún un. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fún irú ìwé tí ètò náà ń gbé ní orúkọ, nínú ìkọ̀kọ̀ tí oníbàárà kì í dé. Ẹlòmíì á pè é ní Ìwé, á lọ jókòó jẹ́ẹ́. Fáàrí kọ́! Ọjọ́ tí àwọn olóòtú ní kó jẹ́ kí lẹ́tà tóbi díẹ̀, inú bí i, ló bá sọ ọ́ ní ÌsọkúsọÀwọnArúgbó, ó lẹ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí àwọn oníṣẹ́ náà ṣe máa ń ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni yóò rí i? Àgbàyà! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ hàn ló tó pa ìlà ayédèrú rẹ́, tó so fèrèsé mọ́ ìwé gidi. Ó ká gbogbo fèrèsé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àkọlé ìwé kọ̀ọ̀kan sì yọ létí wẹ́rẹ́. Ló bá ní ó parí, kò ṣí ọ̀kankan wò. Ó gbàgbé pé síso nìkan kọ́, ó yẹ kó tún sọ fún ètò náà bí yóò ṣe to ọ̀rọ̀ inú ìwé sójú fèrèsé. Ètò tí a kò bá sọ ìyẹn fún kì í dákẹ́. Orúkọ ìkọ̀kọ̀ yẹn ló máa ń gbé jáde.

Àwọn olóòtú pé sí yàrá ìpàdé, Màmá wọ awò rẹ̀. Fáàrí kọjú sí wọn, ó kẹ̀yìn sí ojú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ máa wòran!" Ó fa fèrèsé kan jáde, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta.

Màmá kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. "Ìsọkúsọ... àwọn... arúgbó." Ó yíjú sí èkejì. "Ìsọkúsọ àwọn arúgbó." Ó wo ẹ̀kẹta, kò kà á mọ́. "Ọmọ yìí, ìwé wo lèyí?"

Fáàrí bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, orúkọ inú lásán ni. Kò yẹ kó hàn."

"Mo gbọ́. Kò yẹ kó hàn." Màmá bọ́ awò rẹ̀. "Lẹ́tà rẹ̀ mà tóbi dáadáa. O ṣeun." Ó wo ẹ̀gbọ́n náà. "Ìwọ lo fi àga dúró fún un." Ó jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Fáàrí sáré lọ pa ètò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pa á."

"Àǹtí mi, ẹ dákun, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí."

"Jẹ́ kí n kà á." Ó lọ síbi ògiri, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ṣe nígbà tí Fáàrí ṣì kéré, tó máa ń jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ó kà á dópin.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo lẹ́tà yìí," ó wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì fi Fáàrí sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn fèrèsé rẹ̀.