Àpò Aṣọ Tútù àti Ẹ̀rọ Bùọ̀dá

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ kò gbé ohùn sókè rárá nígbà tó sọ ọ́.

"Èjìká rẹ ti san, mo gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, wàá gbé àpò aṣọ tútù láti ilẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi. Bí o kò bá lè gbé e, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀."

Ọwọ́-ò-dilẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí níbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kí ó tó yọ̀ ṣubú, tí èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Tọ Bùọ̀dá lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Bùọ̀dá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Irin tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré ìdárayá nílé ló ń tà. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dà bí ìgbátí. Nígbà tí obìnrin náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yẹ irin ọlọ́wọ́ wò, ó yẹ rọ́bà fífà wò, ojú rẹ̀ wá bá àpò òfìfo kan tó rọ̀ sórí ìkọ́, tí wọ́n ń rọ yanrìn sí láti máa gbé.

"Bùọ̀dá, èyí ńkọ́?"

"Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni, ìyàwó?" Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn. "Kí ayé má gbọ́ pé ìyàwó ilé wa ń gbé yanrìn kiri."

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ń fa irin wá sílé wọn, pẹ̀lú àga rẹ̀ àti okùn wáyà. Ẹ̀rọ náà dí fèrèsé. Wọ́n ní láti kó àga méjì síta nítorí rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó, ó ń fà á. Kílò mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Ọkọ rẹ̀ ń bá a kà á bí ẹni pé òun gan-an ló ń fà á. Àpò ibi iṣẹ́ kò ju ọgbọ̀n kílò lọ, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù tuntun wọlé, ó yọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní àkókò oúnjẹ, ó dán àpò náà wò. Ó gbé e dé orúnkún. Omi inú rẹ̀ ya sí apá kan, àpò yí bìrí mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja, ó sì já lulẹ̀. Orí rẹ̀ gbóná. Òun tó ti bá àpò yìí jìjàkadì fún ọdún mẹ́rìnlá, òun ló jẹ́ kí nọ́ńbà tan òun! Ẹ̀rọ Bùọ̀dá kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì. Orí ìjókòó lèèyàn tilẹ̀ ti ń fà á.

"Ṣé o wá mọ̀ ju Bùọ̀dá lọ ni?" ni ọkọ rẹ̀ bi í nígbà tó sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó rẹ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé sómi, ó kó wọn sínú àpò, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì í dé ṣọ́ọ̀bù Bùọ̀dá. Ó yí i sílẹ̀.

"Kí lo ń da omi sí mi nílẹ̀ fún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ bá mi gbé e sórí tábìlì yẹn. Kò tó ogójì kílò."

"Orí ẹ ti dàrú!"

Oníbàárà kan tó sanra dá sí i. "Ọ̀gá, ẹ gbé e ká rí i. Ṣebí ẹ ní a máa lágbára bíi tiyín?"

Bùọ̀dá fi ọwọ́ kan gbá a mú bí ẹni mú irin. Àpò dé ìdí rẹ̀, omi wọ́ lọ sísàlẹ̀, ó fì, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì yọ̀. Òun àti àpò jọ jókòó sílẹ̀ pọ̀ọ̀! Oníbàárà náà di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bùọ̀dá."

"Ta ló ní kí o kí mi ní pẹ̀lẹ́?" Ó dìde, ó já àpò oníyanrìn kúrò lórí ìkọ́, ó sì sọ ọ́ lu obìnrin náà láyà. "Gbà! Máa gbé yanrìn ẹ lọ! Tí wọ́n bá lé ẹ, má fẹsẹ̀ ẹ tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Kò lè dá àpò tútù náà gbé padà. Ó tú u, ó ń kó aṣọ náà sínú kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wò ó.

Ìlàjì àpò oníyanrìn náà péré ló rọ yanrìn kún, kí ó lè máa yí kiri nínú rẹ̀ bí omi. Ní àràárọ̀ ló ń gbé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní kí i.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó gbé àpò ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kíní lójú ọ̀gá, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, àpò yí mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí orúnkún. Kò bá a jà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, ó dúró kí omi sinmi, ó wá nàró. Àpò wọ ẹnu ẹ̀rọ.

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ní ọjọ́ Àìkú, Bùọ̀dá wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù ló bá tí wọ́n sá sórí gbogbo apá ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá."

"Ìwọ ìyàwó yìí..." Ó na ọwọ́ sí àwọn aṣọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọwọ́ kan ti apá òsì yẹn. Kò tíì gbẹ."